Bébà Tí Kò Dé Òṣùpá

Agogo ìjáde ti lù, mo ń kó ìwé mi jọ, nígbà tí ọmọkùnrin kan láti kíláàsì JSS 3 yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Ó di bébà kan mú lọ́wọ́. Ó ti ká a, ó tún un ká, títí ó fi kéré ju páálí ìṣáná lọ, etí rẹ̀ sì ti ń ya. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó kí mi, ó wá ní, "Sà, ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé ìṣirò kì í purọ́."

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, nílé-ẹ̀kọ́ kan tí kò jìnnà sí Tákìé. Ọmọ ti bi mí ní oríṣiríṣi ìbéèrè, ṣùgbọ́n èyí wọ̀ mí lára, torí ìdáhùn tí mo kọ́kọ́ fún un kò dára. Mo fẹ́ kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀: bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ohun tí a wọ̀n, ibi tí ọwọ́ wa kò tó, àti ibi tó tó. Olùkọ́ tàbí òbí tí irú rẹ̀ bá bá lójijì á lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Ọmọ náà rí fídíò kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ní bí èèyàn bá ká bébà lásán sí méjì, tó tún un ká sí méjì, títí dé ìgbà 42, ìnípọn rẹ̀ á kọjá òṣùpá. Ọ̀pọ̀ ọmọ á gbọ́ bẹ́ẹ̀, wọn á ní irọ́ ni tàbí wọn á ní òótọ́ ni, wọn á sì kọjá lọ. Ti eléyìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkópì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó gbé rúlà lé ríìmù bébà kan tí wọn kò tíì tú. Bébà 500 ló wà nínú ríìmù, ìnípọn wọn lápapọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Ó pín in, ó rí i pé bébà ẹyọ kan jẹ́ mìlímítà 0.1. N kò kọ́ ọ ní èyí. Orí ara rẹ̀ ló fi mọ̀ pé ohun tí rúlà kò lè wọ̀n lẹ́yọ kan, ó lè wọ̀n ọ́n ní ọgọ́rùn-ún márùn-ún.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ìṣẹ́po kan, bébà di 2. Ìṣẹ́po méjì, ó di 4. Mẹ́ta, 8. Ó kọ ọ́ kún ojú ìwé méjì gbáko, mo rí i. Nígbà tó dé ìṣẹ́po 10, ó ti di 1,024, ìnípọn rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10. Ní 20, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 105. Bí a bá gbé e ti Cocoa House n'Íbàdàn, orí wọn á dọ́gba. Ní 30, ó di kìlómítà 107. Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Tákìé, títí yóò fi wọ Ìbàdàn, ẹ̀gbẹ́ bébà ni yóò máa gbà lọ. Ní 42, ó di kìlómítà 439,804, bẹ́ẹ̀ òṣùpá kò jìnnà sí wa tó yẹn. Bí a bá mú un ní ìwọ̀n àárín, kìlómítà 384,400 ni. Mo yẹ ìṣirò náà wò lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀.

Ó kó o dé kíláàsì, ó sọ fún wọn pé òun á ká bébà dé òṣùpá. Wọ́n ní kó ká a ká wò ó. Ó ká a lẹ́ẹ̀kan, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ń bá a kà á lóhùn rara. Ní ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ní láti fi ìpìlẹ̀ ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹfà, ó gbé e sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀keje kò lọ. Ọmọ kan lọ wá àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n la bébà rẹ̀, wọ́n ní bóyá kékeré tí tàkọ́kọ́ kéré ló fà á. Ìyẹn náà kọ̀ ní ẹ̀ẹ̀keje. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Òṣùpá. Bó bá ti ń bọ̀ lọ́nà, wọ́n á ní, "Òṣùpá ti yọ o."

Ohun tó gbé wá síwájú mi lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Èmi náà sì dá a lóhùn pé, "Àh, ti orí ìwé nìyẹn. Lójú ayé kò lè ṣeé ṣe." Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó sì lọ. Ó rọra fi bébà rẹ̀ sínú àpò ṣòkòtò.

N kò tíì dé ilé tí ọ̀rọ̀ ẹnu mi ti ń pa dà bá mi. Ohun tí mo sọ fún ọmọ yẹn ni pé ìwé wà lọ́tọ̀, ayé wà lọ́tọ̀, kó má sì bi mí léèrè ibi tí wọ́n ti pínyà. Mo tún wá rántí pé a kì í yé ṣe bẹ́ẹ̀ fún wọn. A ó fún wọn ní ọgbà kan tí gígùn rẹ̀ fi mítà 3 ju fífẹ̀ rẹ̀ lọ, tí àyè inú rẹ̀ jẹ́ mítà 40 níbùú lóròó. A ó kọ x² + 3x − 40 = 0 sára bọ́ọ̀dù, x á jáde ní 5, á tún jáde ní −8. A ó ní, "Ẹ ju −8 nù." Wọ́n á jù ú nù. Kò sẹ́ni tó ń bi wá pé ta ló ju ú nù, ṣé ìṣirò ni àbí àwa? Nítorí ìṣirò gba −8 tọwọ́tẹsẹ̀. Ọgbà ni kò gbà á. Bákan náà la ó ṣe pín ọmọ 45 sínú bọ́ọ̀sì tó ń gba èèyàn 18, yóò di bọ́ọ̀sì 2 àti ààbọ̀, a ó sì ní kí wọ́n kọ 3. Lójoojúmọ́ là ń gba orí àlàfo yìí kọjá, a kì í sì í dúró fi hàn wọ́n.

Àwọn baba wa kò jẹ́ kí nọ́ńbà jìnnà sí ẹrù tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń fi owó ẹyọ nájà, 20,000 owó ẹyọ ló ń wọ inú àpò kan, àpò náà ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́. Títí dòní, ọ̀kẹ́ kan ni 20,000 ń jẹ́ lédè wa. Nọ́ńbà tó ní ìwúwo nìyẹn, tí ẹnì kan ní láti rù. Ẹni tó bá pe ọ̀kẹ́ mẹ́wàá mọ iye alárùú tí òun ń pè.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà di ìjà. Ẹnì kan pè é ní Òṣùpá ní àkókò ìsinmi, ó sì gbá a létí. A ránṣẹ́ sílé, màmá tó bí ìyá rẹ̀ ló wá. Aṣọ òfì ni Màmá ń tà. Mo fún wọn ní àga, mo ṣàlàyé ohun tó dá ìjà sílẹ̀, mo sì fi bébà náà hàn wọ́n, torí ọmọ náà ṣì ní in lápò.

Màmá gbà á, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Wọn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìtẹ̀ ló jẹ ẹ́."

Mo ní, "Kí ni ìtẹ̀ jẹ, Màmá?"

"Bébà ni. Ṣé ẹ ò rí etí rẹ̀ ni?" Wọ́n fi èékánná tọ́ etí bébà tí a ká náà. Mo ti wo bébà yìí lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí i. Àwọn etí náà kò bára dọ́gba. Àwọn tó wà nínú yọ síta, àwọn tó bò wọ́n fà sẹ́yìn, wọ́n tò bí àkàsọ̀. "Bí mo bá ká òfì tó ki," Màmá ní, "aṣọ tó wà nínú kì í rìn jìnnà, orí ara rẹ̀ ló ń yí pa dà sí. Èyí tó wà lẹ́yìn ló ń rin ìrìn-àjò, torí ó ní láti yí gbogbo àwọn tó wà nínú po kó tó pa dà wálé. Kó tó dé, ó ti kúrú. Tẹ́ ẹ bá tún un ká, tẹ́ ẹ tún un ká, ìrìn-àjò ni aṣọ yóò fi gbogbo ara rẹ̀ rìn, kò ní ku èyí tó máa sùn sílẹ̀."

Wọ́n dá bébà pa dà fún ọmọ wọn, wọ́n sì bá a wí gidigidi nítorí ìgbátí náà. Wọ́n ní kó lọ tọrọ àforíjì, ó lọ. Èmi jókòó síbẹ̀. Ohun tí Màmá sọ yẹn gan-an ni ìdáhùn, ó kù kí n fi nọ́ńbà sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣe é. Tí èèyàn bá ká bébà lẹ́ẹ̀kan, ibi tó ti tẹ̀ á rí bí ìdajì òbírí kékeré. Ìdajì òbírí yẹn kì í ṣe ara ibi tó tẹ́. Bébà ni a ná sí i. Ní ìṣẹ́po kìíní, ohun tó bá a lọ kò ju páì (π, nǹkan bí 3.14) ní ìlọ́po 0.1, ìyẹn mìlímítà 0.3. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n lára. Ní ìkejì, bébà méjì ló ń tẹ̀ pọ̀, ti òde sì ń yí ti inú po, nítorí náà, bí a bá pe ohun tí ìṣẹ́po kìíní jẹ ní 1, a ó san 1, a ó tún san 2, àpapọ̀ 3. Ní ìkẹta, 1 àti 2 àti 3 àti 4, àpapọ̀ 10. Ní ìkẹrin, 36. Lẹ́yìn náà 136, lẹ́yìn náà 528, lẹ́yìn náà 2,080. Tí a bá fi páì àti ìnípọn bébà sọ wọ́n di mìlímítà, ìtẹ̀ kẹta jẹ 3, ìkarùn-ún jẹ 43, ìkẹfà jẹ 166. Ìtẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti jẹ 224 nínú bébà tí kò gùn ju 297 lọ. Ìkeje nìkan ní kí ẹ mú 653 wá.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i torí ẹnu yà mí. Ìdí tó fi kọ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn ní ẹ̀ẹ̀keje kì í ṣe pé agbára rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe pé bébà le. Bébà ló tán.

Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí èyí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Britney Gallivan, tó ṣì wà nílé-ẹ̀kọ́ girama nígbà náà ní Pomona, ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ló ṣí i sílẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò rẹ̀ ní kí wọ́n wá ohun kan ká ní ìgbà 12. Káàkiri ayé nígbà náà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kò sí bébà tó ṣeé ká kọjá ìgbà 7 tàbí 8, bó ti wù kó fẹ̀ tó. Ó kọ́kọ́ fi wúrà tí wọ́n lù di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é. Ní January 2002, ó wá fi tíṣù ilé-ìgbọ̀nsẹ̀ tó gùn tó nǹkan bí mítà 1,200 ṣe é, ó ká a sí ẹ̀gbẹ́ kan náà ní ìgbà 12. Kí ó tó ká a ló ti ṣírò bí yóò ṣe gùn tó. Fọ́múlà rẹ̀ nìyí, fún bébà tí a ń ká sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo:

L = (π × t ÷ 6) × (2ⁿ + 4) × (2ⁿ − 1)

L ni gígùn tí bébà gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán, t ni ìnípọn rẹ̀, n ni iye ìgbà tí a fẹ́ ká a. Mo fi ọ̀nà ti Màmá yẹn tò ó wá láti ìbẹ̀rẹ̀, ibì kan náà ló já sí. Ẹni tó bá fi mìlímítà 0.1 àti 7 sínú rẹ̀ á rí sẹ̀ǹtímítà 88. Tó bá fẹ́ ká a lẹ́ẹ̀kan sí i, á di mítà 3.5, lẹ́ẹ̀kan sí i, mítà 13.8. Bí ìṣẹ́po bá fi ẹyọ kan pọ̀ sí i, gígùn tó ń béèrè ń fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin.

Mo gbé e lọ sí kíláàsì ní Ọjọ́rú. Mo kọ́kọ́ ní kí ọmọ náà dìde, mo sọ lójú gbogbo wọn pé ìṣirò tó ṣe pé pérépéré, pé èmi ni mo dá a lóhùn àìbìkítà, kó máà bínú. Kíláàsì parọ́rọ́. Mo wá bi wọ́n pé, "Ìgbà mélòó lẹ rò pé a lè ká nǹkan ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí?"

Wọ́n dá owó jọ, wọ́n ra tíṣù rólù mẹ́ta. A kọ́kọ́ ká a ní ìpele 50, a gbé rúlà lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́ láì tẹ̀ ẹ́ jù, sẹ̀ǹtímítà 1.5 ni. Mìlímítà 0.3 ni ìnípọn ẹyọ kan nìyẹn. A fi okùn tí a sàmì sí wọn rólù kan, mítà 20. Mo ní kí wọ́n ṣe fọ́múlà náà fúnra wọn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan tíṣù. Ìṣẹ́po 8 ń béèrè mítà 10.4. Ìṣẹ́po 9 ń béèrè mítà 41.4. Ìṣẹ́po 10 ń béèrè mítà 165.2.

Ọmọ tí wọ́n ń pè ní Òṣùpá ló kọ́kọ́ rí i. Ó nàka sókè. "Sà, rólù méjì, mítà 40 ni. Kò ní lè dé 9. Ó ku mítà kan àti díẹ̀."

Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀: rólù méjì yóò gba 8, kò ní gba 9. Rólù mẹ́ta yóò gba 9, kò ní gba 10.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì la tẹ́ tíṣù sórí pápá. Ìrì ti sẹ̀ sórí koríko, kí a tó tẹ́ ẹ dé ìdajì ó ti rọ̀, ó ń já. Rólù kan lọ bẹ́ẹ̀, a tún ra òmíràn. A gbé e lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kíláàsì mẹ́rin tó gùn tó mítà 32, ṣùgbọ́n rólù méjì kò lè nà tán níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ló ní, "Sà, bí a bá dé ìdajì ká yí pa dà, ká tò ó lé orí ara rẹ̀, ṣé kì í ṣe ìṣẹ́po kìíní nìyẹn?" Òun ni. A fi sẹ́lótéèpù lẹ rólù méjì pọ̀, a tẹ́ ẹ lọ ní mítà 20, a yí i pa dà. Ọmọ mẹ́fà kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń di etí rẹ̀ mú nítorí afẹ́fẹ́.

Títí dé ìṣẹ́po karùn-ún, eré ni. Ní ìkẹfà, tíṣù náà kò ju nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 60 lọ mọ́, ó ti ga díẹ̀, ó sì rọ̀ bí ìrọ̀rí ọmọ tuntun. Ní ìkẹjọ, gígùn rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 16, gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8. Ó dúró. A ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ pé ìṣẹ́po tó bá dúró fúnra rẹ̀ láì sí ọwọ́ lórí rẹ̀ nìkan la ó kà. Wọ́n wá gbìyànjú ìkẹsàn-án. Ọmọkùnrin méjì tó lágbára jù lọ tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Wọ́n gbọ́wọ́ kúrò, ó tú bí ẹni tó ń na apá. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó tún tú. Àwọn kan ní bí a bá gbé òkúta lé e á gbà. Ọ̀rọ̀ wọn ní òótọ́ díẹ̀ nínú, torí tíṣù tí a bá tẹ̀ pẹ́ á fẹ́lẹ́ ju 0.3 lọ, fọ́múlà á sì yí pa dà. Ṣùgbọ́n òfin tí a ṣe kò gba òkúta.

Mo wo ojú ọmọ náà. Inú rẹ̀ ń dùn ju ti ẹni tó ṣàṣeyọrí lọ. Ó ní, "Sà, ìṣirò sọ pé kò ní ṣeé ṣe, kò sì ṣeé ṣe!"

A lẹ rólù kẹta mọ́ ọn, ó di mítà 60, a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, nígbà tó dé 8, ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 23. Wọ́n ká a lẹ́ẹ̀kẹsàn-án, wọ́n gbọ́wọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó mí sókè bíi búrẹ́dì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú ààrò, ó sì dúró. Ìpele 512, ó ga ju bó ṣe gùn lọ, etí rẹ̀ ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹsẹ̀ òkè. Àwọn ọmọ náà pariwo débi pé ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ jáde wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ wá béèrè ti òṣùpá lọ́wọ́ mi, mo sì ní kí a fi 42 sínú fọ́múlà, pẹ̀lú bébà mìlímítà 0.1. Iye tó jáde, ní kìlómítà, 1 ni pẹ̀lú òdo 18 lẹ́yìn rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló ń yára jù ní ayé, ṣùgbọ́n kó tó rìn láti ìpẹ̀kun kan bébà yẹn dé ìpẹ̀kun kejì, á gbà á ní nǹkan bí 107,000 ọdún. Agbo ìràwọ̀ tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, tí a ń rí bí ọ̀nà funfun lójú ọ̀run lóru ẹ̀ẹ̀rùn, nǹkan bí 100,000 ọdún ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn ní 100,000 ọdún, ni ìbú rẹ̀. Bébà tí a fẹ́ fi dé òṣùpá tó wà nítòsí, ó ní láti kọ́kọ́ gùn ju gbogbo agbo ìràwọ̀ yẹn lọ. Bí a bá sì ní bébà kékeré tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà la fẹ́ gé sí méjì-méjì ní ìgbà 42, ká tò wọ́n léra bí ilé gogoro, ìdí ilé náà á kéré débi pé fọ́nrán igi ẹyọ kan tí wọ́n fi ṣe bébà á sanra ju ilé náà lọ ju ìgbà 100 lọ. Kò ní sí bébà mọ́ kó tó débẹ̀.

Ọmọ náà ronú, ó wá béèrè ohun tí mo ti ń retí. Ṣé gbogbo ohun tí ìṣirò bá gbà ló ṣeé ṣe nígbà náà, tó bá jẹ́ pé ohun èlò rẹ̀ tó? N kò fẹ́ kó fi ìyẹn lọ. Mo sọ fún un pé ní 1924, àwọn ọmọ Pólàǹdì méjì, Stefan Banach àti Alfred Tarski, fi ẹ̀rí ìṣirò hàn pé a lè pín bọ́ọ̀lù kan tó ki sí ẹyà díẹ̀, ká kàn yí àwọn ẹyà náà sọ́tùn-ún sósì láì fà wọ́n, ká tò wọ́n pa dà, kí wọ́n di bọ́ọ̀lù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tóbi tó ti àkọ́kọ́. Kò sí àṣìṣe nínú ìyẹn náà. Àmọ́ ẹni tó ń ta ọsàn kò lè fi di ọlọ́rọ̀, bó tiẹ̀ ní ọ̀bẹ tó mú jù lọ láyé. Àwọn ẹyà yẹn kì í ṣe ohun tí ọ̀bẹ lè gé. Ojú àmì kéékèèké tí kò lópin, tó fọ́n ká, ni wọ́n, débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ pé báyìí ni ọ̀kan nínú wọn ṣe tóbi tó. Ọsàn ní iye átọ́ọ̀mù tó ní, wọ́n lópin, ibi tí wọ́n bá parí sí ni pípín parí sí. Ti tíṣù yàtọ̀. Àlàfo tirẹ̀ ṣeé wọ̀n, bí èèyàn bá san mítà tó béèrè, á sún sẹ́yìn ní ìṣẹ́po kan.

Ó kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀, ó fa ìlà sáàárín wọn.

Màmá gbọ́ nípa ìṣẹ́po kẹsàn-án, wọ́n ní kí wọ́n gbé e wá káwọn rí i. Ọmọ náà fi ọ̀rá wé e, ó gbé e lọ sílé. Ó ní ohun tí Màmá kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n tẹ ojú wọn sún mọ́ etí rẹ̀, wọ́n ń fi ìka kà á lọ láti inú bọ̀ síta.

Wọ́n ṣì ń pè é ní Òṣùpá, ṣùgbọ́n ó ti ń dá wọn lóhùn. Ìṣẹ́po 10 ló kù tó ń wá: mítà 165.2, rólù 9, bí a bá fi yíyípadà bẹ̀rẹ̀, ibi tó gùn tó mítà 83 tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ wọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó wá bá mi pẹ̀lú okùn wa tí a sàmì sí. Ó ti wọn gbọ̀ngàn ìjọ wọn. Mítà 31 ni.